Àwòrán Vasilka Lórí Ìwé Òkú

Ní ìlú Sevlievo, kò sí ẹni tó ń kọjá níwájú ìwé òkú láì kà á. Wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé, mọ́ ara igi, mọ́ ibùdókọ̀ àti ara ògiri ilé búrẹ́dì: àwòrán olóògbé, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ìlà dúdú yí gbogbo rẹ̀ ká. Bí ogójì ọjọ́ bá pé, wọ́n á lẹ òmíràn. Bó bá pé oṣù mẹ́fà, òmíràn tún ni. Ó lè pé ogún ọdún tí olóògbé ti lọ, kí ojú rẹ̀ ṣì máa wo àwọn tó ń ra wàrà. Àwọn ènìyàn á dúró tàwọn ti àpò ọjà lọ́wọ́, wọ́n á kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Vasilka Tsonkova ló ń ka gbogbo rẹ̀ kí ìlú tó kà á. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó wá àṣìṣe inú ìwé rí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ẹni tí à ń bá ṣeré níbi iṣẹ́. Ó ti dá opó kan padà láti ẹnu ọ̀nà rí nítorí pé ó kọ ọjọ́ ìbí ọkọ rẹ̀ ní ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. "Ìyá, ẹ lọ rántí ọdún tí wọ́n bí i," ló sọ fún un, "òkú kì í bínú, ṣùgbọ́n èmi máa ń bínú." Opó náà sunkún, ó lọ, ó sì padà wá pẹ̀lú ọdún tó tọ́.

Ṣùgbọ́n irọ́ kan wà tí obìnrin tí ojú rẹ̀ mú yìí jẹ́ kó kọjá lábẹ́ gègé rẹ̀, òun alára ló sì kọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, kò tíì ju ọdún kan lọ tó gba iṣẹ́. Tsonyo, bàbá rẹ̀, kú ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Jẹjẹrẹ ìfun ló pa á, ó sì gbẹ mọ́ra títí aṣọ ọmọdé fi lè wọ̀ ọ́. Nígbà tó jókòó láti kọ ìwé òkú, ìyá rẹ̀ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kọ ọ́ pé ọkàn ni," ìyá rẹ̀ wí. "Ọkàn kì í ti ènìyàn lójú. Bí o bá kọ òmíràn, ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún Dobri?"

Dobri ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Vasilka kọ ọkàn. Láti ọjọ́ náà, ọkàn ló ń pa gbogbo wọn. Mincho, àbúrò bàbá wọn, kú ní ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, ọkàn ni. Tota, àbúrò bàbá wọn obìnrin, kú ní àádọ́ta ọdún, àìsàn ránpẹ́ ni. Gencho ọmọ Mincho kú ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, ọkàn náà ni. Àlejò tó bá ka ìwé òkú ìdílé Tsonkov á rò pé amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọkàn wọn. Àwọn ará ilé mọ̀, wọn kì í sọ ọ́. Vasilka ka ìwé kọ̀ọ̀kan wò, ó tún àmì àti lẹ́tà ibẹ̀ ṣe, ó fi irọ́ náà sílẹ̀ níbi tó wà.

Ó fẹ́ ọkọ, ọkọ náà kú, wọn kò bímọ. Ralitsa, ọmọ kan ṣoṣo tí Dobri bí, ni ó gbé gbogbo ìfẹ́ rẹ̀ lé. Òun ló kọ́ ọmọ náà ní ìwé kíkà lórí àwọn ìwé òkú tó bàjẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé, èyí tí ìyá ọmọ náà bínú sí gidigidi.

Nígbà tó di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, nǹkan kékeré kan wú sí ìpéǹpéjú rẹ̀ ọ̀tún. Dókítà ojú tó wà nítòsí sọ pé eéwo lásán ni, ó fún un ní ìkunra. Ó gé e, ó tún wú. Ó tún gé e, ó tún wú. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Nígbà tí dókítà náà mú ọ̀bẹ fún ìgbà kẹta, Vasilka dìde kúrò lórí àga.

"Dókítà, níbi iṣẹ́ tiwa, bí àṣìṣe kan náà bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta, a kì í tún ìwé ṣe mọ́. Ẹ̀rọ la máa ń lọ wò."

"Ìyáàfin Tsonkova, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi ní iṣẹ́ mi ni?"

"Rárá o. Mo fẹ́ wá ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ni."

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Pleven. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gé díẹ̀ lára ohun náà, wọ́n wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì sọ òótọ́ fún un. Jẹjẹrẹ ni. Inú àwọn kókó tíntìntín tó ń da ọ̀rá sí awọ ara ló ti bẹ̀rẹ̀, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà tó wà níbẹ̀ fi ọwọ́ kan ka àwọn tó ti rí. Wọ́n gé ìpéǹpéjú náà kúrò, wọ́n fi awọ ẹ̀yìn etí dí àlàfo rẹ̀. Ojú ọ̀tún kò ríran dáadáa mọ́. Ó fi aṣọ dúdú bò ó, ó padà sí ẹnu iṣẹ́, ó ń fi ojú òsì wá àṣìṣe, wọ́n sì ní ojú òsì náà le ju méjèèjì àtijọ́ lọ.

Dókítà Yana Mutafova ní Pleven ni ó pè é padà. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, àrùn àtìrandíran ni iṣẹ́ tirẹ̀.

"Mà, irú jẹjẹrẹ yìí máa ń fi ohun mìíràn hàn nígbà míràn. Ta ni jẹjẹrẹ ti pa nínú ẹbí yín?"

"Kò sí o. Ọkàn ni," Vasilka dáhùn. Ó ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀. Ojú tì í, ojú tì í dé egungun. "Ẹ mú gègé, dókítà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ."

Ó ka wọn fún un pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, títí kan Kolyo, bàbá bàbá rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì di oṣù kejì kí èsì tó dé.

"Ìwé gígùn kan wà nínú gbogbo ara wa," dókítà náà ṣàlàyé. "Ara máa ń dà á kọ nígbà gbogbo, kò sì sí adàwékọ tí kì í ṣe àṣìṣe. Torí náà ni jíìnì kan ṣe wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ka ohun tí wọ́n dà kọ wò, kó tún àṣìṣe ṣe."

"Iṣẹ́ mi nìyẹn," ni Vasilka wí.

"Iṣẹ́ yín gan-an ni. Méjì rẹ̀ ni wọ́n bí mọ́ yín. Èyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ bàbá yín ti yí padà, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀ níbẹ̀, kò sì lè ṣiṣẹ́. Èyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ ìyá yín ló ń dá a ṣe. Nígbà tí èyí náà bàjẹ́ ní ìpéǹpéjú, kò sẹ́ni tó ń kàwé níbẹ̀ mọ́, àṣìṣe wá ń gorí àṣìṣe. Nínú ìfun àwọn yòókù ló ti ṣẹlẹ̀, àti nínú ilé ọmọ Tota."

Vasilka gbọ́ ọ ju bí dókítà náà ṣe rò lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í. "Àbúrò mi ńkọ́? Ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ àbúrò yín bá mọ́, ọmọ rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Bí kò bá mọ́, kí ọmọ náà wá, kí a máa fi kámẹ́rà wo ìfun wọn lọ́dọọdún. Ohun tó bá ń hù níbẹ̀, a ó gé e kó tó di jẹjẹrẹ. Àwọn ènìyàn yín kò ní láti kú ní ogójì ọdún mọ́, mà. Ṣùgbọ́n òfin kò gbà mí láyè láti pè wọ́n. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn." Ó fún un ní lẹ́tà tí yóò fi hàn wọ́n.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń parí lọ, Dobri sì ń sun ata pupa nínú àgbàlá, gẹ́gẹ́ bí gbogbo àdúgbò ṣe ń sun ún láti fi dí ìgò de ìgbà òtútù. Ó bó ata kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi iyọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló gba lẹ́tà náà. Ó kà á dé àárín, ó ká a ní méjì, ó sì tì í sínú iná lábẹ́ ata.

"Ọkàn ló ń pa ènìyàn nílé wa," ó wí.

"Dobri, ìwọ lo máa ń lé eṣinṣin lára bàbá. O mọ ohun tó pa á."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀ ni Ralitsa fẹ́ ṣègbéyàwó. Ta ló fẹ́ gbé igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà wọ ilé? Ẹ bá mi pa ẹnu mọ́."

"Ìgò ẹ̀jẹ̀ kan péré. Ìwọ ni kó o fún wọn, ọmọ ò tíì ní láti mọ̀."

"Ẹ ò bímọ," Dobri wí, kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ ò lè mọ ohun tó ń jẹ́ ọmọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó gbé ata náà kalẹ̀ láì jẹ ẹ́, ó sì jáde. Ó pe Ralitsa lórí fóònù, ọmọ náà kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ jìnnà. "Àǹtí, bàbá ní àìsàn yín ti dé ọpọlọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi, mo fẹ́ràn yín." Ó pa fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn fóònù náà kò wọlé mọ́. Àwọn ọmọ Mincho àti ti Tota ti fọ́n ká, àwọn kan wà ní Sípéènì, àwọn kan kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n wà. Oṣù márùn-ún kọjá báyìí. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i: kò sí alẹ́ tí Vasilka kò ka ọjọ́ orí Ralitsa lórí ìka, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kó tún fi í wé mọ́kànlélógójì tí Mincho fi kú.

Ní oṣù kẹta, ọdún márùndínlógójì ikú bàbá rẹ̀ pé. Àṣà ni pé kí ọmọ tẹ ìwé ìrántí. Vasilka jókòó, ó kọ ọ́, ó sì gbé e fún Kiril tó ni ilé ìtẹ̀wé. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"ÌRÁNTÍ. Kolyo, ọdún méjìdínláàádọ́ta, jẹjẹrẹ ìfun. Tsonyo, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, jẹjẹrẹ ìfun. Mincho, ọdún mọ́kànlélógójì, jẹjẹrẹ ìfun. Tota, àádọ́ta ọdún, jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Gencho, ọdún mẹ́rìnlélógójì, jẹjẹrẹ ìfun. Vasilka, ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, jẹjẹrẹ ìpéǹpéjú, ó ṣì wà láàyè. Kì í ṣe ọkàn. Jíìnì kan ni, wọ́n sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa, kó lọ sí Pleven. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n fẹ́ gbà. Èmi ni mo kọ irọ́ ti ìṣáájú, èmi náà ni mo tún un ṣe."

Àwòrán mẹ́fà ló wà lókè rẹ̀. Kiril rí ìkẹfà, ó sì fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú.

"Àǹtí Vasilka, ẹ̀yin lẹ wà níbí yìí."

"Ojú rẹ là."

"A kì í fi alààyè sínú ìlà dúdú. Ó lè fa ikú."

"Ikú ti wá sí ìpéǹpéjú mi, Kiril, ó sì ti padà lọ. Ó mọ ilé mi, kò nílò ìwé rẹ kó tó dé ibẹ̀. Tẹ ogójì."

"Ẹ jẹ́ kí n yọ ìlà dúdú náà kúrò, ó kéré tán."

"Bí kò bá sí ìlà dúdú, ta ni yóò dúró kà á?"

Kiril lọ tan ẹ̀rọ. Ó tẹ ogójì. Ọjọ́ ọjà ni Vasilka gbé gọ́ọ̀mù nínú garawa, ó lẹ̀ wọ́n láti ibùdókọ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó wọlé, ó gbé kọfí kaná.

Ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn á kà á. Ohun tí kò rò ni pé àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, àti pé àwọn míì kì í dúró ka ìyókù. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti kan ilẹ̀kùn. Ìyá Gina, aládùúgbò rẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là àti abọ́ àlìkámà sísè tí wọ́n máa ń jẹ nítorí òkú.

"Vasilka, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá Gina."

"O ò kú?"

"N ò tíì ráyè."

Ìyá Gina wo abọ́ ọwọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn. "Kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe báyìí? Mo ti bu ṣúgà sí i."

"Ẹ gbé e wọlé. Orúkọ márùn-ún ló wà níbẹ̀ tó tọ́ sí."

Bí wọ́n ṣe ń wá nìyẹn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn kan bínú pé ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan jókòó, wọ́n jẹ àlìkámà, wọ́n ní òótọ́ ni, àwọn náà rántí bí Mincho ṣe rù. Lẹ́yìn náà ni Dobri dé. Kò wọ fìlà, ojú rẹ̀ pọ́n, òdòdó pupa mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí méjì méjì là ń kà á fún òkú, ti alààyè ló máa ń ṣẹ́ ku ọ̀kan. Ó ti dé ẹnu àbáwọlé kó tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró pẹ̀lú ife kọfí.

Ó sunkún, ojú ẹsẹ̀ náà ló sì bínú.

"Wọ́n pè mí níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ìwé yín wà ní ibùdókọ̀. Mo sáré wá!"

"Ṣé o kà á?"

"Ta ló ní kí n kà á? Mo rí ojú yín!"

"Kà á báyìí. Ó wà lára ilẹ̀kùn."

Ó kà á. Ọrùn rẹ̀ pọ́n wá. "Ẹ ti bọ́ bàbá sí ìhòòhò lójú ọjà."

"Èmi ni mo wọ irọ́ sí i lọ́rùn, Dobri. Èmi náà ni mo bọ́ ọ."

"Gbogbo rẹ̀ ni máa ya kó tó di ìrọ̀lẹ́."

"Ya á. Ọwọ́ rẹ á rẹ̀ kí ọwọ́ Kiril tó rẹ̀. Ibi iṣẹ́ mi nìyẹn, mo ní bébà ju èékánná rẹ lọ."

Ìyá Gina fi ṣíbí kan abọ́. "Ẹ jẹ́ kí òkú jẹun kẹ́ ẹ tó jà," ó wí.

Àárín èyí ni Ralitsa wọlé. Kò mú òdòdó. Ìwé náà ló mú lọ́wọ́, èyí tó ya kúrò ní ibùdókọ̀, gọ́ọ̀mù ṣì tutù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ìwé lórí ìwé òkú kì í wo àwòrán nìkan. Ó ti ka gbogbo rẹ̀.

"Bàbá," ó wí pẹ̀lẹ́, "ẹ ní ọpọlọ Àǹtí ló ti yí. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ yí kì í kọ̀wé báyìí."

"Ralitsa, lọ sílé."

"Mo sọ fún yín nígbà Kérésìmesì pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ mi jáde. Ẹ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ ní tiyín náà ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Vasilka gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kì í ṣe ìgbéyàwó ni Dobri ń dáàbò bò.

"Láti ìgbà wo?" ó bi Dobri.

Dobri jókòó sórí àpótí bàtà. Ó gbé òdòdó náà lé itan. "Ọdún kejì rèé," ó wí. "Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí bàbá. Mo rò pé bí n ò bá pè é lórúkọ, kò ní dáhùn."

Gbogbo ìbínú tí Vasilka ti kó jọ fún oṣù márùn-ún ṣì wà nínú rẹ̀, ó kàn rí i pé kì í ṣe Dobri ló tọ́ sí. Ó lọ bá a, ó fa òdòdó kan yọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi í há àpò ẹ̀wù àbúrò rẹ̀, ó sì ki mẹ́ta yòókù sínú omi.

"Aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la ni ọkọ̀ Pleven ń gbéra," ó wí. "Jẹ àlìkámà rẹ."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ. Àyípadà náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ Dobri, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Ralitsa. Wọ́n bá jẹjẹrẹ nínú ìfun Dobri, kò tíì rìn jìnnà, wọ́n gé ibẹ̀ kúrò. Ohun mẹ́rin ló ń hù nínú ti Ralitsa, ọ̀kan nínú wọn kò jìnnà sí jẹjẹrẹ mọ́, wọ́n gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan náà. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló wa ọkọ̀ gbé e padà wálé, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó náà. Ẹnì kan ya àwòrán ìwé náà, ó fi í ránṣẹ́ sí Sípéènì, nígbà tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fi máa dé, ẹ̀jẹ̀ Tsonkov mọ́kànlá ti dé iwájú Dókítà Mutafova. Mẹ́fà mọ́, márùn-ún kò mọ́. Àwọn kan nínú ẹbí kò tíì kí Vasilka títí di òní. Kò béèrè ìkíni wọn.

Nígbà tí oṣù kẹta tún dé, ó mú ìwé ìrántí lọ fún Kiril, Dobri sì tẹ̀ lé e. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Ó fa àwòrán ara rẹ̀ yọ nínú àpò, àti ti Ralitsa.

"Fi wá sí i," ó sọ fún Kiril. "Lábẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi."

"Alààyè mẹ́ta!" Kiril tún ṣe àmì àgbélébùú. "Ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ nínú ìlú yìí."

Vasilka mú gègé, ó fi ojú òsì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àṣìṣe kan péré ló rí. Wọ́n ti da ọjọ́ orí rẹ̀ kọ láti inú ìwé èṣí. Ó fa ìlà pa mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó kọ méjìlélọ́gọ́ta sí i, ó sì ní kí Kiril tẹ ọgọ́rin. Dobri ló gbé garawa gọ́ọ̀mù.